Kóòtù Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Nígbà tí ọkọ aránṣọ wà láyé, ilẹ̀kùn yàrá wọn kì í ṣí tán. Kóòtù ọkọ rẹ̀ ló máa ń wà lórí ìṣó lẹ́yìn rẹ̀, kóòtù nípọnnípọn aláwọ̀ ilẹ̀, tó gùn dé orúnkún. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn wọlé yóò gbọ́ bí ìrù kóòtù náà nísàlẹ̀ ṣe ń rún mọ́ ògiri, bí ẹni tí wọ́n ní kó sún díẹ̀ tó sì ń sún. Ọkùnrin náà kú, kóòtù kò kúrò níbẹ̀. Láràárọ̀ tí aránṣọ bá ti ilẹ̀kùn, yóò gbọ́ tó sún. Ó fara dà á, fara dà á, nígbà tó yá kò lè fara dà á mọ́.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti tọrọ kóòtù yẹn. Obìnrin náà ló tọ́ àbúrò rẹ̀ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, òun náà ló ra kóòtù fún un nígbà tó di olùkọ́ ìṣirò. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn èèyàn ti ń tú ká, ó jókòó ti aránṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyàwó mi, mi ò fẹ́ nǹkan kan nínú ilé yìí. Kóòtù yẹn nìkan. Kí n ṣáà máa rí i."

"Ọkọ mi, ẹ dákun," ni aránṣọ wí. Bí wọ́n ṣe ń pera wọn nìyẹn láti ọjọ́ ìgbéyàwó. "Ẹ jẹ́ ó wà lọ́dọ̀ mi. Bí mo bá gbé e fún yín, kí ni mo máa máa rí láàárọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí itan. "Òótọ́ ni. Ìwọ ló tọ́ sí." Kò sì tún sọ ọ́ mọ́.

Ta ni yóò wá padà lọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé, ẹ wá gbé e o, mi ò lè wò ó mọ́? Ojú ti aránṣọ. Nígbà tí Ọ̀sẹ̀ Iṣẹ́ Ọnà ìlú sún mọ́lé, tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní aṣọ àlòkù mú un wá sí gbọ̀ngàn fún àwọn tó fẹ́ ṣeré, ó ká kóòtù náà sínú àpò, ó gbé e lọ. Òun ni aránṣọ eré náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ti gbà á. Kò sí ẹni tó dá kóòtù mọ̀ níbẹ̀, nítorí pé àìsàn ti dá ọkọ rẹ̀ jókòó sílé kí wọ́n tó kó wá sí ìlú yẹn. Ó rò pé bóyá adájọ́ inú eré ni wọn yóò gbé e wọ̀, tàbí bàbá ìyàwó.

Ọ̀mùtí ni wọ́n gbé e wọ̀.

Láti ọjọ́ Ajé ni ìlú ti yí padà. Wọ́n ta àsíá wẹẹrẹ láti orí òpó iná kan sí èkejì. Àwọn ayàwòrán gbé iṣẹ́ wọn kọ́ sára ògiri ilé ìkàwé, àwọn ọmọdé ń fi amọ̀ mọ ẹyẹ lábẹ́ àtíbàbà, àwọn ẹgbẹ́ akọrin sì ń du yàrá kan ṣoṣo mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nínú gbọ̀ngàn, àwọn eléré ń múra sílẹ̀ de ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú. Onígbàjámọ̀ kan tí gbogbo ayé ń pè ní Ẹnu-Ò-Sinmi ló ń ṣe ọ̀mùtí. Ó wọ kóòtù náà bọ́ sórí ìtàgé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀, ó sì ń fi ìka tọ́ka sí àyà ara rẹ̀.

"Ẹ má bá mi wí o! Kóòtù yìí ló mutí. Èmi kàn ń sìn ín lọ sílé ni!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ti jáde kó tó gbọ́ pé tòun ni, ó sì tẹrí ba, ó ń wá abẹ́rẹ́ tí kò sọ nù.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, fóònù rẹ̀ dún.

"Ìyàwó mi! Ìsinmi dé lọ́la, mo ń bọ̀. Wọ́n ní ìwọ lo rán aṣọ gbogbo àwọn eléré yẹn. Ṣé wàá máa gbayì níbẹ̀ yẹn kí ọkọ ẹ jókòó sílé ni?"

"Ẹ máa bọ̀, ọkọ mi." Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́. Ọkàn rẹ̀ ti sáré lọ sí gbọ̀ngàn.

Olùdarí eré jẹ́ obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́; Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Aránṣọ bá a níbi tó ti ń to àga.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wá kóòtù mìíràn fún ọ̀mùtí."

"Èéṣe? Ó ya ni?"

"Ó… ó gbóná jù fún un."

Ẹnu-Ò-Sinmi gbọ́ láti ìdí fèrèsé. "Ta ló ní ó gbóná? Aránṣọ, ṣé ẹ̀yin lẹ ń bá mi làágùn ni? Ẹni tó bá gba kóòtù yìí ti gba ọtí lẹ́nu mi. Kó kúkú wá gbé Bíbélì fún mi kí n máa wàásù."

"Kóòtù ò lọ ibì kankan," ni Tíṣà wí. "Ohun kan ló ń dùn mí nípa ẹ̀: ó ti dáa jù. Ó jọ kóòtù ọmọlúwàbí. Bá wa ṣe é kó rí jákujàku."

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí aránṣọ létí bí ẹni pé wọ́n já kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ó wọ yàrá aṣọ lọ, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó tẹ́ kóòtù sórí tábìlì. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń sọ pé ohun tí a rán ṣeé tú, ohun tí a gé kò ṣeé tú, nítorí náà kí ọmọ-iṣẹ́ mí kó tó ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ. Kò mí. Ó gé ọrùn kóòtù kúrò. Ó gé ìrù rẹ̀ dé ìdí. Ó dá ihò sí ìgúnpá méjèèjì àti sí ẹ̀yìn, ó wá fi àbùlẹ̀ pupa àti ti aláwọ̀ ìyeyè lẹ̀ wọ́n, ó ń fi òwú funfun rán an kó lè hàn. Ó já àwọn bọ́tìnnì, ó fi oríṣiríṣi rọ́pò wọn. Nígbà tó gbé e sókè, kò jọ aṣọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyẹn gan-an ló fẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i, ó jókòó.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ dé lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú báàgì kékeré kan àti ohùn ńlá rẹ̀. Ó ní kí òun gbé báàgì sí yàrá. Ó ti ilẹ̀kùn bó ṣe mọ̀ ọ́n tì, pẹ̀lú agbára díẹ̀, ilẹ̀kùn sì lọ gbá ògiri gbàmù.

Ó dúró. "Ilẹ̀kùn yìí mà ṣí tán."

Aránṣọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kóòtù dà?"

"Mo gbé e fún alágbàfọ̀ ni."

"Nínú ìsinmi yìí?"

"Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní kí n wá gbà á."

"Ó dáa. Kó mọ́." Obìnrin náà fi ìka kan ìṣó. "Kí wọ́n má ṣáà fi ọṣẹ fọ òórùn ẹ̀ lọ. Àti pé kí wọ́n rọra ṣe àpò inú. Eku jẹ ẹ́ nígbà tó wà lọ́dọ̀ mi, torí bísíkíìtì tí àbúrò mi máa ń kó pa mọ́ síbẹ̀ bí ọmọdé. Etí búláòsì mi ni mo gé fi rán an. Ó ní aláwọ̀ ewé tó ní tótòtó funfun yẹn ò bá ojú olùkọ́ mu. Mo ní ta ló fẹ́ wo inú ẹ?" Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú.

Aránṣọ rántí àpò náà. Gbogbo ìta kóòtù ló ti tún ṣe, kò tilẹ̀ yẹ inú rẹ̀ wò. Ó fẹ́ sáré lọ, ṣùgbọ́n irọ́ wo ni yóò tún pa fún àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé? Ó fi ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀: inú ni, ta ni yóò rí inú?

Wọ́n jọ jáde lọ wo àwòrán. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ dúró níwájú ẹṣin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ó bi ayàwòrán léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, eléyìí ń bọ̀ ni àbí ó ń lọ?" Ọkùnrin náà alára rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá pàdé, obìnrin náà yóò di aránṣọ lápá mú. "Ìyàwó mi nìyí. Ọkọ ẹ̀ kan ti lọ, ó ku èmi." Aránṣọ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ń gún un bí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ sínú aṣọ tí èèyàn wọ̀ sọ́rùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbọ̀ngàn kún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ jókòó níwájú pátápátá, aránṣọ sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé níbi tó ti lè rí i. Ọ̀mùtí jáde. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohunkóhun, nítorí kóòtù náà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló rín jù. Ó ń gbá orúnkún, ó ń fara ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi gèlè nu omi ojú. Ó wo kóòtù náà láti òkè délẹ̀, kò dá a mọ̀. Aránṣọ mí kanlẹ̀. Kí èémí náà tó tán ni ojú tún tì í, nítorí pé ó ti ṣe iṣẹ́ náà dáadáa.

Ó wá kan ibi tí onílé ọtí ti ní kí ọ̀mùtí sanwó. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń múra, "Mi ò lówó" nìkan ni Ẹnu-Ò-Sinmi máa ń sọ, á sì kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń pa òun náà bí ọtí. Ó yọ àpò ọ̀tún síta, òfìfo. Ó yọ tòsì. Ó wá ṣí àyà kóòtù sílẹ̀.

"Àpò àṣírí mà nìyí! Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí kóòtù ń fi pa mọ́ fún mi!"

Ó fà á jáde. Ó rọ̀ sílẹ̀ láyà rẹ̀ bí ahọ́n: aláwọ̀ ewé, tótòtó funfun.

Gbọ̀ngàn hó. Ẹ̀rín wà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kí àpò tó jáde, kò sì rí ibi gbé e sí. Aránṣọ rí i tí ọwọ́ obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí búláòsì tó wọ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n ti gé nǹkan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé. Aránṣọ bọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé.

Nígbà tí eré parí, ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá aṣọ. Kóòtù wà lórí ẹ̀yìn àga, ó ṣì gbóná fún ara onígbàjámọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ gbé e, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó tẹ ìka mọ́ àbùlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Ìwọ lo gé e?"

"Èmi ni."

"Àwọn ló ní kó o gé e?"

"Wọ́n ní kó rí jákujàku." Ibi ìsádi wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì lè dúró síbẹ̀. Kò dúró. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìyẹn. Torí yín ni. Kẹ́ ẹ má bàa mọ̀ ọ́n."

"Mo rẹ́rìn-ín," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wí, jẹ́jẹ́. "Ṣó o rí bí mo ṣe rẹ́rìn-ín?"

"Mo rí yín."

"Àbúrò mi fẹ́ràn eré. Ká ní o pè mí, kó o ní, ọkọ mi, mo ti gbé e fún àwọn eléré, mi ò lè wò ó mọ́. Mo máa sunkún. Mo máa tún wá wò ó, màá sì rẹ́rìn-ín náà. Kí lo rò pé mo máa fi ọ́ ṣe, tó o fi gbé sísọ́ọ̀sì?"

Aránṣọ na ọwọ́ sí kóòtù. "Ẹ jẹ́ kí n tú u. Bí eré ọ̀la bá ti parí, màá tú gbogbo àbùlẹ̀ yìí."

"Kí ló wà lábẹ́ wọn?"

"Ihò ni."

Obìnrin náà mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ iye ọjà fún. Ó na kóòtù sí i. "Tú àpò yẹn fún mi."

Aránṣọ mú abẹ. Òwú àtijọ́ náà nípọn, gígùn rẹ̀ kò dọ́gba, ọwọ́ ẹni tí kò mọ ìránṣọ ni. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, ó ti fi ṣe ọkọ rẹ̀ yẹ̀yẹ́ rí. Ó ń já a lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má bàa gé aṣọ. Nígbà tí àpò náà já, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ gbà á, ó ká a, ó fi í sínú báàgì ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun o, aránṣọ."

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí, kò sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pè é rí. Bí èèyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ tó ti gba owó rẹ̀ ni ó ṣe dúpẹ́. Ó lọ gbé báàgì ìrìn-àjò rẹ̀ nílé, ó wọ ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́. Kò dúró de ọjọ́ Àìkú.

Ẹnu-Ò-Sinmi yọjú. "Aránṣọ! Ṣé ẹ rí bí àpò yẹn ṣe pa wọ́n lẹ́rìn-ín? Mo tún ń bọ̀ wá yọ ọ́ lọ́la o!"

"Mo máa rán òmíràn sí i," ni aránṣọ wí.

Funfun ló rán sí i. Lọ́jọ́ Àìkú, onígbàjámọ̀ fà á jáde, wọ́n sì rẹ́rìn-ín bíi ti àná. Ilẹ̀ ni aránṣọ ń wò.

Nígbà tí wọ́n ń tú àwọn àsíá kúrò lórí òpó, ó gbé kóòtù náà padà sílé. Kò tú àbùlẹ̀ kan kúrò. Ó gbé e kọ́ sórí ìṣó, ó jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó wá rọra tì í ṣí.

Ìrù tó máa ń rún mọ́ ògiri, ó ti gé e. Ilẹ̀kùn lọ, kò dún. Ó pa á dé, ó tún tì í, ó fi etí lélẹ̀.