Fèrèsé Tí Mo Yàn

Ìyá mi ló yan gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé wa ní Ngomari, ní Maiduguri. Òun ló yan ọ̀dà ara ògiri, òun ló yan ibi tí wọ́n gbẹ́ kànga sí, òun náà ló sì ní pákó ni kí wọ́n fi ṣe fèrèsé, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń fi irin pẹlẹbẹ ṣe tiwọn. Ó ní bí òun bá rí fèrèsé irin, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló máa ń wá sí òun lọ́kàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tó kú. Láti ìgbà náà, bí mo bá ṣí fèrèsé yàrá mi láàárọ̀, tí pákó yẹn tutù lọ́wọ́ mi, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ọwọ́ rẹ̀ ni mo dì mú.

Ṣùgbọ́n ikán kì í bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn. Nígbà tí mo fi dé ọdún tó kẹ́yìn ní Yunifásítì, ikán ti jẹ ìsàlẹ̀ fèrèsé wọ̀nyẹn débi pé bí èèyàn bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka á wọlé bí ẹni ki ìka bọ iyán. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku á gba ibẹ̀ wọlé, a ó máa gbọn bẹ́ẹ̀dì ká tó lè sùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún náà, bàbá mi pè mí sí pálọ̀. Tíṣà kẹ́mísírì ni kó tó fẹ̀yìn tì, alàgbà sì ni nínú ìjọ wa. Olúgbóyèga lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Màlámù ni gbogbo Ngomari ń pè é. Èmi nìkan ló bí. Ó ní òun ti ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ kan kó wá wọn gbogbo fèrèsé ilé, torí a máa pààrọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí mi ò retí.

"Àbẹ̀bí, ìwọ ni kí o yan ohun tí wọ́n máa fi ṣe é. Yàn án bí ẹni pé ilé tìẹ ni."

Mo bi í pé irú èwo ni òun fẹ́. Ó ní ìyẹn wà láàárín èmi àti oníṣẹ́. Ó gbé ìwé ìròyìn sójú, kò sì ṣí ojú ewé kejì títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Oníṣẹ́ náà dé lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo gbé omi jáde fún un, díẹ̀ ló kù kí ife bọ́ lọ́wọ́ mi. Jàáfárù ni.

Ó ti lé lọ́dún méjì tí èmi àti Jàáfárù ti ń fẹ́ra wa, láìjẹ́ pé ẹnìkan mọ̀ nílé wa. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ru obì láti Ọ̀fà wá sí Maiduguri, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bímọ wọn láti ìgbà náà. Yorùbá rẹ̀ a máa tiro díẹ̀, bó bá ti fẹ́ ṣubú, Hausa á gbà á mú. Ó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí Kasuwan Shanu, ọjà màlúù, níbi tó ti ń gé alumíníọ̀mù tí àwọn màlúù sì ń ké lé e lórí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ó wá tún fèrèsé ibi ìkàwé wa ṣe ní Yunifásítì. Abẹ́ fèrèsé yẹn gan-an ni mo jókòó sí. Ó ní kí n jọ̀ọ́ dìde, kí gíláàsì má bàa já lù mí. Mo dìde. Ọkàn mi ò tíì jókòó láti ọjọ́ náà.

Kí ọdún yẹn tó dé ló ti ń sọ pé òun máa bá bàbá mi sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Èmi ni mò ń dá a dúró, torí mo mọ̀ pé Mùsùlùmí ni, mo sì mọ bàbá mi. Lọ́jọ́ tó wá wọn fèrèsé yìí, mo rí òun àti Bàbá lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi dongoyárò tí ìyá mi gbìn, Jàáfárù ń fa téèpù tó fi ń wọn nǹkan jáde, ó ń dá a padà. Nígbà tí mo sìn ín dé ẹnu géètì, mo bi í léèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ṣé ó ti sọ ọ́.

"Mo ti sọ ọ́," ó ní. "Ó ní kí n parí iṣẹ́ ná. Kí ìwọ náà parí ìdánwò rẹ."

Ayọ̀ ni mo fi wọlé. "Parí iṣẹ́ ná" ló sọ, ṣùgbọ́n "bẹ́ẹ̀ ni" lọkàn mi gbọ́. Lójú mi, bí fèrèsé tó kẹ́yìn bá ti wọ ara ògiri, àwọn ẹbí Jàáfárù á wọlé tọ̀ wá wá.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó kó àpẹẹrẹ wá nínú àpò ìrẹsì: pákó kan, irin pẹlẹbẹ kan, àti alumíníọ̀mù kan. Ó tẹ́ wọn sórí sìmẹ́ńtì lẹ́bàá kànga nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, ó ní kí n lọ jẹun, kí n padà wá ní aago méjì. Nígbà tí mo padà wá, Bàbá wà ní pálọ̀, nítorí náà "ẹ" ni à ń pe ara wa, bí ẹni pé a ò mọra rí.

"Ẹ fọwọ́ kàn án," ó ní.

Mo fọwọ́ kan irin, mo fà á yọ kíá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí àwọn aládùúgbò wa ń sùn tì ní oṣù kẹrin nìyẹn, inú ààrò búrẹ́dì ni wọ́n wà, wọ́n ń pè é ní yàrá. Alumíníọ̀mù náà gbóná, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé e sábẹ́ ibòji, kò pẹ́ tó fi tutù. Pákó nìkan ló rí bí ara èèyàn. Mo gbé ọwọ́ lé e, mi ò fẹ́ gbé e kúrò.

"Pákó ni mo fẹ́."

"Haba. Ṣé ikán lẹ fẹ́ se àsè fún ni? Èmi Jàáfárù, ọjọ́ tí ẹ bá rí fèrèsé pákó lára ògiri mi, kí ẹ mọ̀ pé orí mi ti dàrú."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé Bàbá wúkọ́ láti pálọ̀. Jàáfárù wá fara balẹ̀, ó ṣàlàyé. Ó ní lúfà, gíláàsì pelebe-pelebe yẹn, kò lè dá eruku Borno dúró láéláé. Ó ní alumíníọ̀mù tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ dára lójú, àmọ́ ìdajì rẹ̀ ló ń ṣí. Odindi fèrèsé lo rà, ààbọ̀ atẹ́gùn ni wàá gbà. Èyí tí òun á gbà mí níyànjú rẹ̀ ni èyí tó ń ṣí síta bí ìlẹ̀kùn, tí rọ́bà yí etí rẹ̀ po. Ó gbé kékeré kan jáde nínú àpò, ó pa á dé, ó bu eruku ilẹ̀ lé e lórí. Nígbà tó ṣí i, mo fi ìka nu ẹ̀yìn rẹ̀. Ìka mi mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yàn án: alumíníọ̀mù aláwọ̀ pákó tó ń ṣí síta, tòun ti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ó ku gíláàsì. Mo ní funfun gaara ni mo fẹ́ ní gbogbo ilé, torí láti orí bẹ́ẹ̀dì mi ni mo ti ń rí igi dongoyárò ìyá mi, mo sì fẹ́ máa rí i lọ. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan. Pẹ́ńsùlù rẹ̀ dúró.

"Funfun?"

"Funfun."

"Toh," ó ní, ó sì kọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, a jọ lọ sí Monday Market láti wo ìmú fèrèsé, ìyẹn ibi tí èèyàn ń dì mú bó bá ń ṣí i. Mo tò wọ́n sórí káńtà, mò ń ṣí wọn, mò ń pa wọ́n dé. Mo gbé èyí tó rí roboto sókè, mo ní irú eléyìí ni a máa fi sí ilé tiwa. Gbogbo ìgbà ni Jàáfárù máa ń ní èsì sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Á ní ilé tiwa máa ní yàrá mẹ́wàá, á ní màlúù á wà lẹ́yìnkùlé. Lọ́jọ́ náà, ó kàn rọra gba ìmú náà lọ́wọ́ mi.

"Jẹ́ ká parí èyí ná, Susannah," ó ní. Orúkọ ìrìbọmi mi ló máa ń fi pè mí.

Mo rò pé iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́.

Ìdánwò dé. Ó ní òun ò ní máa pè mí lórí fóònù mọ́ kí n lè kàwé, mo sì kàwé. Bí mo bá ń lọ láàárọ̀, màá rí àmì èédú tó fi wọn ògiri. Ní Fúráìdè tí mo kọ ìwé tó kẹ́yìn, àwọn ọ̀rẹ́ mi fi bírò kọ orúkọ wọn sí ẹ̀wù funfun tí mo wọ̀, àyà àti ẹ̀yìn, bí a ti máa ń ṣe. Mo wọ keke napep láti ẹnu géètì Yunifásítì, mò ń dá rẹ́rìn-ín títí mo fi dé Ngomari. Ohun méjì ló wà lọ́kàn mi: mo ti parí tèmi, bóyá Jàáfárù náà ti parí tirẹ̀.

Ó ti parí. Fèrèsé mẹ́sàn-án ló wà lára ògiri, wọ́n gún, wọ́n ń dán. Mo sáré lọ sí tèmi láti ìta kí n lè yọjú wo inú yàrá. Ara mi ni mo rí. Mo rí ẹ̀wù mi tòun ti orúkọ gbogbo ènìyàn lára rẹ̀, mo rí igi dongoyárò lẹ́yìn mi. Mi ò rí inú yàrá rárá. Gíláàsì dúdú ni.

Mo wọlé. Jàáfárù wà nínú yàrá mi, ó ń de ìmú fèrèsé. Roboto ni ìmú náà.

"Jàáfárù, funfun ni mo ní."

Kò wojú mi. "Mo mọ̀."

"Ṣé o ò rí i rà ni?"

"Onílé ló ní dúdú ni kí n fi."

"Bàbá ní èmi ni kí n yàn."

"Kì í ṣe Bàbá," ó ní.

Ìgbà yẹn ló jókòó sílẹ̀, tó sì sọ ọ́ fún mi. Bàbá ti ta ilé wa láti oṣù kejì fún Alhaji kan tó ń ta màlúù. Alhaji ní òun á rà á bí wọ́n bá pààrọ̀ fèrèsé tí ikán jẹ. Ohun tó bá wu Màlámù ni kó fi ṣe é. Gíláàsì funfun nìkan ni kò gbà, torí àwọn ìyàwó rẹ̀ á máa gbé ibẹ̀, kò sì fẹ́ kí ojú ará ìta máa wọlé bá wọn. Èmi àti Bàbá máa padà sí Ìlá, ìlú wa, bí mo bá ti ṣe tán ní Yunifásítì.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ tí mo wá wọn fèrèsé. Mo sọ tèmi fún Bàbá lọ́jọ́ náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ọmọ dáadáa ni mí, àmọ́ ẹni tí ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló máa fẹ́ ọ, àti pé ẹ ti ń lọ sílé. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ọ títí wàá fi kọ ìwé tó kẹ́yìn. Mo gbà."

"O gbà."

"Tí mo bá sọ fún ọ, ṣé wàá lè kàwé?"

Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òtítọ́, òun ló máa jàre.

"Bàbá ní bí mi ò bá lè ṣe iṣẹ́ náà mọ́, òun á pe ẹlòmíràn," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo wá ṣírò rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ méje ni. Ọ̀sẹ̀ méje tí èmi àti ìwọ á jọ máa yan fèrèsé. Wallahi, Susannah, mi ò lè fún ẹlòmíràn."

Mo fẹ́ kó sọ pé kí n dúró. Bó bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ṣùgbọ́n ó ti bá bàbá mi ṣe àdéhùn, kò sì sọ ọ́. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Àṣà àwọn oníṣẹ́ ni pé àlòkù tí wọ́n bá yọ lára ilé, tiwọn ni. Ó fi mẹ́jọ sílẹ̀ fún onísúyà ìgboro kó fi dáná, ó gbé ẹyọ kan péré, ti yàrá mi, ó dè é mọ́ ẹ̀yìn keke. Inú ń bí mi, ni mo bá bi í pé ṣé ìyẹn náà ni òun fẹ́ lọ fi dáná ni.

"Àlòkù, ti oníṣẹ́ ni," ó ní, ó sì lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo bá Bàbá lábẹ́ igi dongoyárò. Mi ò pariwo. Mo kàn bi í pé kí ló dé tó fi ní kí n yan fèrèsé ilé tí kì í ṣe tiwa mọ́.

"Ìyá rẹ ló yan gbogbo nǹkan tó wà níbí. Mi ò fẹ́ kí o kúrò láì yan nǹkan kan."

"Bàbá, ẹ ò jẹ́ kí n mú èyí tí mo yàn."

Ó mọ̀ pé kì í ṣe gíláàsì ni mò ń sọ. Ó gbé ọwọ́ lé orí mi bó ti máa ń ṣe nígbà tí mo kéré. "Mo mọ̀, Àbẹ̀bí," ó ní. Kò sọ pé òun á yí ọkàn padà. Èmi náà ò sì lè jẹ́ kó dá nìkan lọ sí Ìlá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a di ẹrù wa sínú ọkọ̀ kan tá a háyà. Awakọ̀ ní òun fẹ́ gba ọ̀nà Kasuwan Shanu gbé ẹrù kan ká tó jáde nílùú. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú. Àwọn màlúù ń gba títì kọjá, eruku wọn ń bò wá.

Ṣọ́ọ̀bù Jàáfárù wà lápá ọ̀tún. Ó ti lu ògiri tó kọjú sí títì, ó sì ti fi fèrèsé kan síbẹ̀. Fèrèsé pákó ni, ti yàrá mi. Ó ti gé ìsàlẹ̀ tí ikán jẹ kúrò, ó fi pákó tuntun lẹ̀ ẹ́, àwọ̀ méjèèjì ò bára mu. Ó ṣí apá rẹ̀ méjèèjì síta gbayawu, eruku gbogbo Kasuwan Shanu sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Nínú lọ́hùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ayùn, ó kọ ẹ̀yìn sí títì. Ariwo ayùn ò lè jẹ́ kó gbọ́ ìró ọkọ̀ wa.

Bàbá mi rí i. Ó mọ fèrèsé ìyàwó rẹ̀. Ó na ọwọ́ síwájú, ó fi kan èjìká awakọ̀, ó ní kó rọra. Awakọ̀ béèrè pé ṣé kí òun dúró ni. Èmi ni Bàbá yíjú sí, ó ń retí ohun tí màá sọ.

Mo tún wo fèrèsé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Jàáfárù ti ní ọjọ́ tí mo bá rí fèrèsé pákó lára ògiri òun, kí n mọ̀ pé orí òun ti dàrú. Mo ní rárá, kó máa lọ.