Ẹni Tí Kò Fẹ́ Padà Wá

"Ẹ̀gbọ́n, nílé wa, olè là ń dáná sun."

Mùráínà awakọ̀, ọmọ Yorùbá bíi ti Ògúnjọbí, ló sọ bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Ó di sítíárì ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ mú, ó tẹjú mọ́ ọkọ̀ tó gbé òkú lọ níwájú wọn. Láti aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ti kúrò ní Sharjah. Wọ́n ti kọjá Al Qusais ní Dubai, oòrùn sì ti ń hó lórí títì.

"Dákẹ́," Ògúnjọbí ní.

"Mi ò kúkú bú yín. Mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ ká sin ín bí èèyàn. Àbí iyanrìn ló wọ́n nílùú yìí?"

"Ó bẹ̀ mí, Mùráínà. Mo sì ti ṣèlérí. Khalas, ó tán."

Múrúgàn ni òkú náà, ará Íńdíà, ẹlẹ́sìn Híńdù. Ọdún mẹ́fà ni òun àti Ògúnjọbí fi ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Sharjah Industrial Area, òun lọ́sàn-án, Ògúnjọbí lóru. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Dubai dojú dé, ọ̀gá wọn sá lọ láìdágbére. Ìwé ìrìnnà àwọn méjèèjì wà nínú àpótí irin ní ọ́fíìsì, ọ̀gá sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Kóòtù wá lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀ títí ẹjọ́ yóò fi parí, kí àwọn ọlọ́dẹ sì máa ṣọ́ ọ. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́? Àpótí tó dè wọ́n mọ́lẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣọ́ kí olè má gbé e.

Inú ìdè yẹn ni Ògúnjọbí wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè kó lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń da yẹ̀pẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló ṣe ohun tó yẹ kí òun ṣe. Láti ọjọ́ náà ni òwe kan ṣoṣo ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ìyá rẹ̀ bí i, ó tọ́ ọ, àmọ́ òun kọ́ ló sin ìyá. Kí ni kí wọ́n wá ka obìnrin náà sí?

Múrúgàn ò bá a sunkún. Ó po tíì fún un, ó jókòó tì í, ó ní, "Bái, arákùnrin mi, bedspace ni ara yìí, bẹ́ẹ̀dì tí a kàn háyà. Ẹni tó ń sùn síbẹ̀ ti kó lọ. Ta ló ń sunkún nítorí bẹ́ẹ̀dì?"

Ògúnjọbí da tíì náà sílẹ̀. Ìyá òun ni wọ́n ń pè ní bẹ́ẹ̀dì! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ló tó bi í, tìbínú-tìbínú, "Tó bá kó lọ, ibo ló kó lọ?"

Múrúgàn ní inú ara mìíràn ni. Ó ní bí ẹ̀mí ṣe ń ṣe nìyẹn, láti bedspace kan sí òmíràn, ìbí, ikú, ìbí, ikú. Ó ní gbogbo ohun tójú ń rí yìí, ilé gogoro, ọ̀gá, àpótí irin, ń kọjá lọ ni. Ohun kan ṣoṣo ló wà tí kì í kọjá lọ, ojú ò rí i, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀mí gbogbo ti wá. Ọjọ́ tí ẹ̀mí bá mọ̀ dájú pé òun àti ohun náà ò yàtọ̀, ó bọ́ nìyẹn. Kò tún ní wá gba bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ògúnjọbí bú sẹ́rìn-ín. "Àwa ń bẹ àgbà wa kí wọ́n padà wá ni! Tí Sélfì ọmọ ẹ bá bí ọkùnrin lẹ́yìn ọjọ́ ẹ, Babátúndé la máa pè é."

Múrúgàn ò rẹ́rìn-ín. Ó gbá a lọ́wọ́ mú. "Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, bái. Ó ti rẹ̀ mí. Mi ò bí ọmọkùnrin. Tí mo bá kú, ìwọ ni kó o dáná sí mi. Tó o bá ti dáná náà tán, máa lọ. Má bojú wẹ̀yìn. Má pè mí padà."

Ògúnjọbí ní òun ti gbọ́.

Ìdí ẹ̀rọ omi ni Múrúgàn ṣubú sí ní ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn, kò sì dìde mọ́. Sélfì kọ̀wé láti ilé pé Ògúnjọbí ni kó dúró fún ẹbí. Oyún inú rẹ̀ ti di oṣù mẹ́jọ.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń sun òkú, àwọn ọmọ ìlú Múrúgàn mẹ́rin gbé e sórí igi. Mùráínà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́yà. Sélfì wà lórí fóònù nínú àpò àyà Ògúnjọbí, ó ń gbọ́ bó ṣe ń lọ. Àlùfáà wọn gbé ìkòkò omi lé Ògúnjọbí léjìká, ó ní kó yí igi ká lẹ́ẹ̀mẹta. Bó ṣe ń yí i, wọ́n ń lu ihò sí ìkòkò lẹ́yìn, omi sì ń ṣàn gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọnú ṣòkòtò. Ó ju ìkòkò náà sílẹ̀, ó fọ́. Wọ́n gbé iná fún un, ó kẹ̀yìn sí òkú, ó nawọ́ sẹ́yìn, ó tiná bọ igi. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn pé òun mú ìlérí òun ṣẹ.

"Yalla," àlùfáà ní. "Máa lọ. Má bojú wẹ̀yìn."

Ó gbé ẹsẹ̀ márùn-ún. Lẹ́yìn rẹ̀, igi ta pàù.

Kó tó mọ̀, ó ti yíjú padà sí iná, ẹnu rẹ̀ ti là, ọ̀rọ̀ tó ti há sí i lọ́fun láti ọjọ́ yẹ̀pẹ̀ yẹn sì ń tú jáde bí èébì. "Ó dàrìnnàkò o! Ó dojú àlá! Má lọ gbé o! Yà lọ́dọ̀ ọmọ ẹ! Máa bọ̀ o, máa bọ̀!"

Àlùfáà mi orí, ó tọ́ka sí ọ̀nà. Kò gbọ́ Yorùbá. Àwọn mẹ́rin yẹn náà ò gbọ́.

"Àmín!" Mùráínà ké láti ìdí ọkọ̀. Ó ti ṣí fìlà. "Àmín, ẹ̀gbọ́n! Ẹ ṣe bẹbẹ. Èyí ló yé mi."

Ohùn kan ń jáde lápò Ògúnjọbí, ó yọ fóònù.

"Ọ́ńkù, mo gbọ́ ohùn yín," Sélfì ní. "Kí lẹ sọ fún bàbá mi?"

Ó wo bàtà ara rẹ̀.

"Mo ní kó máa lọ."

"Ẹ ò bojú wẹ̀yìn?"

"Mi ò bojú wẹ̀yìn."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun, Ọ́ńkù. Ó ti rẹ bàbá mi gan-an." Ló bá ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹkún. "Ọmọ inú mi mà ń ta o. Láti àárọ̀ ni kò ti mira, ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Ìyá tirẹ̀ ni Ògúnjọbí ń pè nígbà tó yíjú sí iná. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyá rẹ̀ ni, kì í ṣe Múrúgàn rárá.

"Ọ́ńkù? Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Ó ní òun wà níbẹ̀. Mùráínà ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ dè é, omi ìkòkò náà ò sì tíì gbẹ lẹ́yìn rẹ̀.