Orúkọ Àwọn Ẹja Níyì

Oṣù kẹjọ rèé tí Níyì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó, àwọn ẹja rẹ̀ nìkan ló sì fi ti Olúbùnmi ìyàwó rẹ̀ nílé wọn ní Odò-Ọjà, Ìkẹ́rẹ́. Inú àpótí gíláàsì ni wọ́n ń gbé, ní pálọ̀, níbi tí àga ìbá wà. Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi bá dákẹ́, Bùnmi á máa fi ife bu omi náà, á máa dà á padà láti òkè, kí wọ́n lè rí èémí mí.

"Ẹja tí a kì í jẹ," Ìyá Dáraọlá, aládùúgbò rẹ̀, wí. "Àlejò tí kì í lọ nìyẹn."

Bùnmi rẹ́rìn-ín. Kò sọ fún un pé nítorí àwọn ẹja yìí ni ọkọ òun ṣe ń pe òun. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni Níyì máa ń pè, á ní kó ka orúkọ òyìnbó wọn nínú ìwé tí òun lẹ̀ mọ́ gíláàsì, kó sì sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe sí.

"Ṣíṣílídì ti jẹun," Bùnmi á wí.

"Síkílídì. 'Ch' ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì o, màmá ìjọ. Tún un pè."

"Síkílídì. Gọ́ràmì náà wà dáadáa."

"Gùrámì. O ń pè é bí ẹni pé ọmọ ìlú Ìṣẹ́ bí ìwọ ni."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Láti orí ẹja ni ọ̀rọ̀ á ti bọ́ sórí òjò, sórí kòkó bàbá Bùnmi, sórí ohun tí pásítọ̀ wí, wákàtí kan á ti lọ.

Bùnmi wá rò ó pé bí òun bá mọ orúkọ wọ̀nyí pè dáadáa, orí ọkọ òun á wú, ilé á sì tètè máa wù ú í bọ̀. Ṣèyí, akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá ẹ̀yìn, fi fóònù rẹ̀ wá ibi tí òyìnbó kan ti ń pè wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Bùnmi fi ń tẹ̀ lé e lẹ́nu, nídìí kànga, nídìí odó iyán. Ahọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ ń kọsẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń sáré.

Ní Sátidé, ó ka gbogbo wọn láìṣi ẹyọ kan pè.

"O ti mọ̀ ọ́n," Níyì wí. "O káre. Ṣé gbogbo wọn wà láàyè?"

"Gbogbo wọn ni."

"Ó dáa nígbà náà. Ó dàárọ̀."

Bùnmi wo fóònù. Ìṣẹ́jú méjì péré.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Níyì kò pè. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ló fi ránṣẹ́: Ẹja ńkọ́? Bùnmi fèsì pé wọ́n wà. Nígbà tí Sátidé mìíràn tún pé, òun fúnra rẹ̀ ló pè é.

"Ṣíṣílídì ti jẹun," ó wí.

"Bùnmi, ṣebí o ti mọ èyí."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló wá dé?"

Bùnmi tẹjú mọ́ omi. "Ẹ tún máa kọ́ mi. Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Ẹnì kan ń pe orúkọ Níyì lọ́hùn-ún, láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀.

"Mò ń bọ̀," Níyì wí.

Bùnmi kọ́kọ́ rò pé ilé ló ń bọ̀, kó tó mọ̀ pé ẹni tó ń pè é lọ́hùn-ún ló ń dá lóhùn.

"N ó pè ọ́ padà, Bùnmi."

Bùnmi gbé fóònù náà lé itan. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí ọbẹ̀ fi tutù nínú ìkòkò, fóònù kò sì dún.