Ìkòkò Tí Kò Mọ Ata

Ẹ lọ wo ilé ìdáná yín, kí ẹ padà wá sọ fún mi bóyá ẹ rí ìkòkò kan tí kò mọ ata. Bí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje, bí ẹ fi eérú ha á títí ó fi ń dán bí ojú ìyàwó tuntun, ata á ṣì wà nínú irin rẹ̀. Á kàn dákẹ́ síbẹ̀ ni, á máa retí ahọ́n tó bá légbò.

Eunice mọ èyí. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ó sì tún ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, lọ́jọ́ Ẹtì kan báyìí nínú ilé wọn ní Rumuigbo.

Gbọ́lágadé ọkọ rẹ̀ ti lo ọjọ́ mẹ́rin láìgbé nǹkan kan mì yàtọ̀ sí omi. Kókó kan ló yọ sí i lọ́fun. Àwọn dókítà wò ó títí, wọ́n wá ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, ẹ sì mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Ẹnu rẹ̀ kún fún egbò. Ẹ̀kọ, ó ní rárá. Omi ẹja, ó yíjú sógiri. Eunice bẹ̀ ẹ́, ó kọrin fún un, ó kù díẹ̀ kó nà án.

"Kí lẹ fẹ́ jẹ gan-an? Ẹ dárúkọ ẹ̀. Bó wà lókè ọ̀run, màá fi àkàsọ̀ gùn ún."

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn ló tó dáhùn. Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ ẹní lórí iyanrìn.

"Ápù," ó ní. "Èyí tí wọ́n sè, tí wọ́n tẹ̀ kúnná. Irú èyí tí mo máa ń se fáwọn òyìnbó."

Ọ̀rọ̀ náà ya Eunice lẹ́nu. Ọdún mẹ́rìnlá ni Gbọ́lágadé fi ṣe kúùkù nínú ọgbà àwọn òyìnbó elépo. Ó se ápù tí kò lóǹkà, ṣùgbọ́n kò fi kan ẹnu rẹ̀ rí. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń búra. Eunice kò béèrè ìdí rẹ̀. Ilé tí wọn kì í ti í béèrè nǹkan ni ilé wọn.

Ó gba ọ̀dọ̀ Nímọ́tà lọ, ọmọ Ọ̀ffà tó ń ta èso lọ́jà Mile One. Ápù ṣọ̀wọ́n lásìkò náà bí ojú. Nímọ́tà wá mẹ́fà lọ́wọ́ àwọn atukọ̀, ó sì fi bébà dì í bí ẹyin.

"Àǹtí Eunice, abeg, ẹ má bẹ ẹ́ nípọn bí iṣu o! Orí omi ló gbà wá."

"Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe ń sè é?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kúùkù! Èmi tí mo fẹ́ mẹkáníìkì lẹ wá ń bi?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi fi ẹ̀rín yẹn pamọ́, kò sí òmíràn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Eunice délé, ọkọ rẹ̀ kọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Kó bẹ èèpo rẹ̀, kó yọ kóró inú rẹ̀. Omi díẹ̀, iná díẹ̀. Bó bá rọ̀, kó fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́, kó sẹ́ ẹ nínú asẹ́.

"Kó sì jẹ́ ìkòkò tí kò mọ ata, Eunice. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ẹyọ ìkòkò kan ṣoṣo ni kò mọ ata nínú ilé náà. Ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀ ló wà, ó fi àlòkù ìró wé e: ìkòkò ẹ̀kọ kékeré, tánganran funfun tó ní etí búlúù. Ti Yẹmí ni, ọmọbìnrin wọn. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ni nígbà tí èèyi mú un lọ, lọ́dún kejì tí ogun parí. Ọdún kẹtàdínlógún rèé. Ọmọ mìíràn kò tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pe Eunice ní Ìyá Yẹmí, nítorí ta ni yóò fi orúkọ òkú ọmọ pe ìyá rẹ̀?

Kò lè ṣí àpótí yẹn. Ìkòkò ọbẹ̀ ló mú. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ó ti mọ́. Ápù mẹ́ta ló sè nínú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba ilé kan bí ti òdòdó.

Gbọ́lágadé ya ẹnu bí ọmọ ẹyẹ. Ṣíbí kan wọlé. Ọkùnrin náà ké, ó tu ú dà sórí ìrọ̀rí, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ata," ó ní. "Mo sọ fún ẹ."

"Ìkòkò wo lẹ fẹ́ kí n lò?"

"Èyí tó wà nínú àpótí."

Eunice dúró gbagidi. Kò mọ̀ pé ọkọ òun mọ̀ nípa rẹ̀.

"Kí n gbé ìkòkò ọmọ mi jáde, kí n fi se oúnjẹ òyìnbó? Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ìdí oúnjẹ òyìnbó lẹ wà nígbà tí ọmọ ń kú lọ́wọ́ mi?"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi há a lọ́fun bí eegun ẹja.

"Agolo yẹn," Gbọ́lágadé sọ.

"Agolo wo?"

"Èyí tí mo gbé dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Tó o já gbà lọ́wọ́ mi, tó o jù sí gọ́tà."

Eunice rántí. Agolo mílíìkì tí wọ́n fi bébà bò lórí. Àjẹkù òyìnbó ló pè é.

"Ápù ni. Egbò kún ẹnu ọmọ, kò lè gbé ẹ̀kọ mì. Mo tọrọ méjì lọ́wọ́ ìyàwó ọ̀gá. Ó ní kí n se oúnjẹ alẹ́ àwọn tán ná. Mo sè é tán, mo wá se ti Yẹmí. Ohun tó dá mi dúró nìyẹn."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ọmọ ti lọ. Ta ni màá sọ ọ́ fún? Mo kàn jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ohun tí kò dé ẹnu ẹ̀ kò ní dé ẹnu mi."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fẹ́ ẹ báyìí?"

Ó mí, ó sinmi, ó tún mí.

"Bí mo bá débẹ̀, tí ọmọ bá bi mí pé báwo ló ṣe rí lẹ́nu, kí ni màá sọ?"

Eunice dìde. Ó lọ ṣí àpótí. Ó tú ìró náà, ó gbé ìkòkò kékeré náà ka sítóòfù, ó bẹ ápù mẹ́ta tó kù, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Bó ṣe ń rò ó, orin tó fi ń fún ọmọ lẹ́kọ bọ́ sí i lẹ́nu láìpè é:

*Yẹmí, yanu, ẹyẹ ń bọ̀,*
*Ẹyẹ gbẹ́kọ dání, ó ń bọ̀.*
*Bó o bá panu dé, ẹyẹ á lọ,*
*Á gbé e fọ́mọ ẹlòmíì jẹ.*

Ó bu ṣíbí kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Gbọ́lágadé yanu. Ó fi ahọ́n yí i, ó di ojú, ó gbé e mì. Ó gba ìkejì. Ó gba ìkẹta.

"Báwo ló ṣe rí?" Eunice béèrè.

Ọkùnrin náà rò ó dáadáa, bí kúùkù.

"Ó kan díẹ̀. Ṣúgà ò sí níbẹ̀."

"Ẹ sọ fún un pé ìyá ẹ̀ ló gbàgbé ṣúgà," Eunice ní. Ẹkún kò jẹ́ kó sọ ìyókù. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò, òun fúnra rẹ̀ ló fi ìka lá a tán.

Gbọ́lágadé lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí aago ṣọ́ọ̀ṣì ń dún.

Nímọ́tà wá kí i. Ó bá ìkòkò funfun kékeré kan lára ìṣó nílé ìdáná, ní gbangba, níbi tí oòrùn ń dé.

"Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àmúmọ́ra."

"O ṣeun, Nímọ́tà." Eunice fi etí ìró nu ojú. "Ṣùgbọ́n má pè mí ní Àǹtí mọ́. Ìyá Yẹmí ni mò ń jẹ́."