Okùn Dúrósinmí

Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ jẹ́ kí n tètè rọ́ àlá yìí kó tó sá mọ́ mi lórí. Oorun ọ̀sán àná ló gbé mi lọ, oúnjẹ mi ṣì wà nínú àwo.

Mo bá ara mi lórí báàjì, ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí a fi ń kó òkúta, láàárín ọ̀sà. Òkúta kún ibẹ̀, gbogbo wọn jókòó sórí àga bí àwọn tó wá rí dókítà. Ẹ mọ iṣẹ́ wa: òkúta là ń jù sísàlẹ̀ láti fi tẹ páìpù tó ń gbé ìgbẹ́ ìlú lọ sókun mọ́lẹ̀, kí omi má baà gbé e. Dúrósinmí àbúrò mi ló máa ń wà nísàlẹ̀, tí yóò máa wo ibi tí òkúta bà sí. Èmi ni mo máa ń di okùn rẹ̀ mú. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, ká ju òkúta sí i. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mẹta, ká dúró, ká fa òun sókè. Bó bá sì ti jáde lómi, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń kọ́kọ́ bi mí: "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ti jẹun?"

Ẹ mọ̀ pé ó ti pé ọdún kan tí mo ka mẹ́ta sí méjì. Abẹ́ òkúta yẹn ló wà títí dòní.

Nínú àlá, okùn náà wà lọ́wọ́ mi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ọwọ́ èèyàn. Kò yà mí lẹ́nu. Òkúta ńlá kan dìde.

"Bàbá Àṣàkẹ́, ẹ má bínú o, a ò lọ."

"Kí ló dé?"

"Nígbà tí a wà lókè lọ́hùn-ún, èlùbọ́ ni wọ́n ń sá sí wa lẹ́yìn. Ẹ wá ní ká lọ sùn lé ìgbẹ́ lórí. Ìyẹn ṣì kéré. Èèyàn wà nísàlẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà bá mi lára mu. Mo ní kí n lọ sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ògúnrìndé, alábòójútó wa. Ọ́fíìsì rẹ̀ ń léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàjì, tòun ti tábìlì àti fáìlì. Kò ní ògiri, àmọ́ mo kanlẹ̀kùn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Àbúrò mi ń fa okùn."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, sà."

Ó yẹ ìwé wò. "Méjì ló wà níbí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́."

Ìwé ọwọ́ mi ni lóòótọ́. Ojú tì mí gan-an. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn, ìwo yọ, ó di òbúkọ. Mo ní, "Ẹ kú ìyípadà, sà." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé náà, inú mi sì dùn: bó bá jẹ méjì yẹn tán, a ó lè kọ mẹ́ta. Ó jẹ fáìlì, ó jẹ káléńdà, ó jẹ tábìlì. Ó fi méjì yẹn sílẹ̀.

Ni okùn bá fà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Mẹ́ta ni!" mo kígbe. "Ẹ bá mi fà á!"

Gbogbo òkúta sọ̀kalẹ̀ lórí àga, wọ́n bá mi dì í mú. A fà á títí, páìpù ló yọrí, ó ń wúkọ́. Ó ní, "Dúrósinmí ní ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ní ọwọ́ òun ò tíì dilẹ̀." Mo bú sẹ́kún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mo rí i pé okùn ṣì ń bọ̀, kò sì lópin.

Ni mo bá jí. Ewúrẹ́ ìyàwó mi ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Òkúta kan tí mo gbé wálé láti ibi iṣẹ́ la fi ń tẹ okùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹran náà sì ti lọ́ mọ́ ọn, ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ó fa okùn. Ó tún fà á. Ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta.

Mo sáré jáde láìwọ bàtà, mo yí òkúta kúrò, mo tú ewúrẹ́ lọ́rùn. Ó bá tirẹ̀ lọ. Okùn kù sí mi lọ́wọ́, mo jókòó sílẹ̀, mo dì í mú.

Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Bàbá Àṣàkẹ́, ṣé ẹ ti jẹun?"