Ìrìn Kafinta

Ọ̀rọ̀ kékeré kan, "ẹ", ló dẹ́rù ba Dígí. Bẹ́ẹ̀ ni, "ẹ" lásán tí ọmọdé fi ń kí àgbà. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ sí i. Ó gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ bu omi mu kí ẹ tó jẹun." Ìyá tó bí i lọ́mọ, tó máa ń pè é ní olórí kunkun láti kékeré wá, òun ló ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Dígí gbé ṣíbí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí rẹ̀, kí ẹ má baà sọ pé mò ń dẹ́rù bà yín lásán.

Iṣẹ́ eré orí ìtàgé ni Dígí ń kọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Dígí, nítorí kò sí ẹni tí kì í sín jẹ. Àwọn tí kò mọ̀ rò pé ẹ̀rín àti ariwo nìkan ló wà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ eré. Irọ́ gbuu. Yàrá gbọọrọ kan ni, lókè ilé ìtajà aṣọ, kò sí àga níbẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kò sì ní kọ́tìnì. Obìnrin àgbàlagbà tó ń kọ́ wọn, tí wọ́n ń pè ní Màmá, ti ṣeré títí eékún rẹ̀ fi kọ ìtàgé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Á ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí wọ́n máa mí láti ìsàlẹ̀ ikùn, títí ohùn á fi jáde láìha ọ̀fun. Á ní kí wọ́n kojú síra wọn ní méjì-méjì, kí ọ̀kan máa ṣe ohun tí èkejì bá ń ṣe. Á ní kí wọ́n sunkún. Bí ẹkún bá sì ti gùn wọ́n tán, á na ìka sókè, á bi wọ́n pé mélòó ni. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ wọ gàù.

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," ni Màmá máa ń wí. "Ẹni tó ń sunkún tí kò ríran, kì í ṣe eré ló ń ṣe, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe. Kó lọ ṣe é nílé rẹ̀."

Iṣẹ́ ìkẹyìn tó gbé lé wọn lọ́wọ́ ni iṣẹ́ ìrìn. Kí oníkálukú mú ẹnìkan tó mọ̀ dáadáa, kó kọ́ ìrìn rẹ̀, débi pé ẹni tó mọ onítọ̀hún á gbọ́ ẹsẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, á sì ṣì í mú. Ẹni tó bá yege ni ẹgbẹ́ eléré máa gbà sọ́dọ̀. Màmá kìlọ̀ fún wọn pé bí wọ́n bá ti gbé èèyàn wọ̀, kí wọ́n má gbàgbé láti bọ́ ọ: kí wọ́n gbọn ọwọ́, kí wọ́n gbọn ẹsẹ̀, kí wọ́n fi omi tútù bọ́jú, kí wọ́n sì pe orúkọ ara wọn sókè kí wọ́n tó jáde. Ìyẹn gba etí ọ̀tún Dígí wọlé, ó gba tòsì jáde.

Àwọn yòókù mú ẹni tó wà láyé. Ọ̀kan mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ta búrẹ́dì, òmíràn mú awakọ̀ kan ní àdúgbò wọn. Dígí ní tirẹ̀ mú bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti kú.

Kafinta ni bàbá náà. Igi ńlá kan ló wó lù ú lẹ́sẹ̀ òsì nígbà èwe rẹ̀, láti ìgbà náà ló ti ń wọ́ ọ. Bó bá ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, wọ́n á gbọ́ ọ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀: gbì, ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́ọ́, ẹsẹ̀ òsì. Òun fúnra rẹ̀ ló fi pákó tẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀hún, ó sì fi pákó kan sílẹ̀ láìkàn án mọ́lẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, á ké kíìn. Bí ìyá bá ní kó tún un ṣe, á ní aago olè ni, pé onílé mọ̀ ọ́n fò, àlejò ló máa tẹ̀ ẹ́. Kafinta tí kò ráyè tún ilé ara rẹ̀ ṣe, ẹnu ló fi ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ti fò ó tán, á wúkọ́, á bèèrè pé, "Ṣé onílé wà nílé?" Ìyá á dáhùn pé, "Kò sí nílé o." Wọ́n á jọ bú sẹ́rìn-ín. Láti kékeré Dígí, ìdáhùn yẹn kò yí padà rí.

Ìgbà tí ìyá bá jáde ni Dígí kọ́kọ́ ń dá a kọ́. Ó fi òkúta róbótó sínú bàtà òsì kí ẹsẹ̀ má baà gbàgbé ara rẹ̀. Ó rántí bí èjìká bàbá ṣe máa ń ṣíwájú ẹsẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń já a kulẹ̀ ni pákó yẹn. Bó bá ń rin ìrìn ara rẹ̀, á fò ó kọjá láìronú, ṣùgbọ́n bó bá ti ń wọ́ ẹsẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ ni, pákó á sì ké kíìn. Ó ní ta ló máa mọ̀.

Ìyá rẹ̀, aránṣọ ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wà nídìí máṣíìnì nínú yàrá ìjókòó, ni ọmọkùnrin yìí bá ní òun á dán an wò. Gbì. Wọ́ọ́. Gbì. Kíìn. Ó wúkọ́. Ó bèèrè bóyá onílé wà nílé. Máṣíìnì dákẹ́.

"Onílé wà nílé," ni ìyá wí. "Ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́."

Inú Dígí kọ́kọ́ dùn, ó ní iṣẹ́ ti jẹ́. Àfìgbà tó wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín tó rí i pé ìyá kò rẹ́rìn-ín, tó tún wá rántí pé ìdáhùn yẹn kọ́ ni ìdáhùn ilé wọn. Àti ọjọ́ náà ni "ẹ" ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá á fọ aṣọ iṣẹ́ bàbá, á fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Á tètè gbọ́únjẹ. Á máa kọrin nídìí máṣíìnì, obìnrin tí kò kọrin láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀. Ó dun Dígí, ó sì tún ń dùn mọ́ ọn, torí náà kò lè sọ pé kó dáwọ́ dúró.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọ̀rẹ́ bàbá, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, ló wá jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Bí Dígí ṣe rìn dé àárín yàrá, ọkùnrin náà bo ojú, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n dá a dúró. Dígí yege. Màmá ní ó ti tó, kó bọ́ ọ. Ó gbọn ọwọ́, ó gbọn ẹsẹ̀, ó bọ́jú, ó pe orúkọ ara rẹ̀ títí ohùn fi ha. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ló gbọ́ ọ: wọ́ọ́. Ó bọ́ bàtà òsì, ó gbọ̀n ọ́n. Kò sí òkúta kankan nínú rẹ̀.

Ó padà sọ́dọ̀ Màmá, ó jẹ́wọ́ ohun tó ń lọ nílé. Àgbà obìnrin náà kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, èyí tó ya Dígí lẹ́nu.

"Bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tó máa wó sí," ni Màmá wí. "Ìwọ nìkan kò lè bọ́ ọ mọ́. Lọ bẹ ìyá rẹ. Ọjọ́ tó bá fẹnu ara rẹ̀ pè ọ́ ní ìwọ, o ti bọ́."

Dígí wọ́ ẹsẹ̀ délé. Ó jókòó kọjú sí ìyá rẹ̀, ó di orúnkún ara rẹ̀ mú.

"Màmi, èmi ni. Kò sí ẹlòmíràn, èmi ni mo ń ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fi ìwọ pè mí."

Ìyá ní òun mọ̀. Kò wojú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló ń sọ ọ́ sí. Ó ní ta ló ní òun kò mọ ẹsẹ̀ ọmọ òun. Ó ní kafinta kò tẹ pákó yẹn rí láyé rẹ̀, pé gbogbo ìgbà tó bá ti ké ni òun mọ̀ pé eré ni. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí Dígí kò gbọ́ rí. Lọ́jọ́ tí bàbá kú, àwọn méjèèjì ti jà láàárọ̀ nítorí àga kan tí bàbá ṣèlérí fún òun tó sì tà fún oníbàárà. Nírọ̀lẹ́, bàbá dé, ó wúkọ́, ó bèèrè ìbéèrè rẹ̀. Òun dáhùn pé kò sí nílé. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ ṣílẹ̀kùn, ó sì rí i pé òun, ìyá, ti tì í láti inú. Ẹ̀rín náà dá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni wọ́n ti bá a, ó gbórí lé tábìlì iṣẹ́ bí ẹni tó sùn.

"Ọ̀rọ̀ tí mo fi sìn ín lọ nìyẹn," ni ìyá wí. "Eré yẹn kò tàn mí. Ìpè ni mo fi ń pè é."

Àwọn méjèèjì jókòó bẹ́ẹ̀, oòrùn ń fà kúrò lórí ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dígí ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì tó wà nílẹ̀, tí kò mira.

Ilẹ̀kùn ìta ṣí. Gbì. Wọ́ọ́. Gbì. Wọ́ọ́. Dígí fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún mọ́lẹ̀, ó ń dúró de igbe pákó. Ẹsẹ̀ náà dé ibẹ̀. Pákó kò ké. Ẹsẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ní ìhà ìhín pákó náà. Ẹnìkan wúkọ́.

"Ṣé onílé wà nílé?"

Ìyá yíjú sí Dígí. Ojú rẹ̀ ti mọ́, ohùn rẹ̀ sì ti padà sí bó ṣe máa ń rí látijọ́.

"Olórí kunkun, kí lò ń wò? Dìde. Ìwọ lọ ṣílẹ̀kùn fún bàbá rẹ."

Dígí dìde, ó rìn lọ sídìí ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò wọ́ rárá. Ẹni tó ni ìrìn náà ti wá gbà á.