Mo Jẹ̀bi, Ẹ Má Bínú

"Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn hàn díẹ̀," ni Happiness, ọmọbìnrin tó ń ya fídíò, wí. "Àmọ́ kó má hàn jù."

Ẹwàolúwa wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lórí àpótí tí wọ́n gbé e lé. Báńdéèjì tí wọ́n fi wé orúnkún náà ti dọ̀tí létí. Kò mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń hàn díẹ̀ tí kì í hàn jù, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò bèèrè. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń gbé e káàkiri iwájú ilé. Wọ́n gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ní ibẹ̀ ṣókùnkùn jù. Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ní ògiri ti ń bó. Níkẹyìn wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ kó kòkó tó sá síwájú ilé kúrò, nítorí ibẹ̀ nìkan ni àwọn òkè Ìdànrè ti máa hàn dáadáa lẹ́yìn ọmọ náà. Olúbísí, ìyá rẹ̀, kò jiyàn. Kòkó tí kò tíì gbẹ, ó kó o padà sínú àpò kí òkè lè hàn.

Ọ̀gbẹ́ni Ignatius Dúrójaiyé ló mú oníkámẹ́rà wá láti Èkó. Ọmọ Ìdànrè ni, ọmọ ìjọ Àgùdà, ilé bàbá rẹ̀ kò sì jìnnà sí tiwọn. Òun ni igbákejì ọ̀gá níléeṣẹ́ tó ń ṣe ètò Ìràwọ̀ Jó, ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti máa ń fi gbajúmọ̀ kan àti oníjó kan ṣe alájọjó, tí àwọn òǹwòran á máa fi fóònù dìbò, tí wọ́n á sì máa lé àwọn tí ìbò wọn kéré kúrò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ignatius yìí náà ló mú Ẹwà wọ inú ètò náà. Nígbà tí ìlú gbọ́, inú wa dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Láti Òde dé Aládé dé Àtòsìn, káàkiri Ìdànrè, kò sí ẹni tí kò ra owó sórí fóònù sílẹ̀ de ìbò. Ọmọ wa fẹ́ jó kí gbogbo Nàìjíríà rí i. Owó ìbò náà ṣì wà lórí fóònù wa nígbà tí ọmọ padà sílé.

Tijésùnimí Ògúndípẹ̀ ni gbajúmọ̀ tí wọ́n fún Ẹwà, òṣèré fíìmù tí àwòrán rẹ̀ wà lára ike ohun mímu tó ń ṣe agbátẹrù ètò náà. Kì í sábà wá síbi ìdánrawò. Tó bá sì wá, fóònù ló ń tẹ̀. Ibì kan wà nínú ijó wọn tí ó ti gbọ́dọ̀ gbé Ẹwà sókè kọjá èjìká kí ó sì yí i ká. Ẹwà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ibẹ̀ kúrò, nítorí ọkùnrin náà kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni àwọn òǹwòran ń dúró dè. Nígbà tó di ọjọ́ ìdíje, Ògúndípẹ̀ gbé e sókè lóòótọ́. Àwọn èrò pariwo. Inú rẹ̀ dùn sí ariwo náà, ló bá gbé ọwọ́ kan sókè láti juwọ́ sí wọn. Ọwọ́ yẹn ló fi di ìbàdí Ẹwà mú.

Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn rí i. Àwa tí a wà nílé kò rí i, torí pé ẹ̀rín ojú Ògúndípẹ̀ ni kámẹ́rà gbájú mọ́. Ohun tí a wá rí ni Ẹwà nílẹ̀, tó di orúnkún mú, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìpolówó wọlé. Nígbà tí ìpolówó tán, atọ́kùn ètò ní Ẹwàolúwa ti yọwọ́ nínú ìdíje nítorí ìlera rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, Ògúndípẹ̀ ti ń bá ọmọbìnrin mìíràn jó.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Àkúrẹ́ ní iṣan tó so orúnkún pọ̀ ti já. Tí wọ́n bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, yóò padà jó. Tí wọ́n bá fi falẹ̀, yóò máa rìn ṣá, ṣùgbọ́n kó má retí ijó mọ́. Ẹwà kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Ijó ló fi ń san owó ilé l'Ékòó, òun náà ló fi ń bọ́ ìyá rẹ̀ nígbà tí kòkó kò bá so. Iléeṣẹ́ náà ní àwọn máa ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ ni. Àfi ìgbà tí ẹnì kan tó wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà gbé fídíò tó fi fóònù yà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo ayé rí ọwọ́ tí Ògúndípẹ̀ jù sókè. Ìgbà yẹn ni Bùrọ̀dá Ignatius tó rántí ọ̀nà Ìdànrè.

"Ẹwà, gbọ́ mi," ó wí, ó fa àga sún mọ́ ọn. "Kò sẹ́ni tó fẹ́ fìyà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń bú Ògúndípẹ̀, inú sì ń bí i. Ó ní tí ọ̀rọ̀ yìí ò bá rọlẹ̀, òun á fi ètò sílẹ̀. Tó bá lọ, agbátẹrù á bá a lọ. Ta ló máa wá tún orúnkún ẹ ṣe nígbà yẹn?"

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ, sà?"

"Kò pọ̀. Ṣáà bẹ̀ ẹ́. Sọ pé o jẹ̀bi."

"Ẹ̀bi kí ni mo jẹ, Bùrọ̀dá? Ó jù mí sílẹ̀. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀. Ta ló ń bá ẹ jiyàn?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣé torí pé èèyàn jẹ̀bi ló ṣe ń sọ pé 'mo jẹ̀bi' ni? Ìwọ náà kì í ṣe àlejò nílẹ̀ yìí."

Òótọ́ ló sọ, ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Nílé wa, tí wọ́n bá ń parí ìjà, tí inú àgbà kan kò sì tíì rọ̀, ọmọdé kì í dúró ro ẹjọ́ títí. Á kúnlẹ̀, á ní "mo jẹ̀bi", kódà kó jẹ́ òun ni wọ́n ṣẹ̀. Gbogbo ẹni tó jókòó ló mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ló ń jẹ́wọ́, àpọ́nlé ló ń ṣe. Àgbà náà á ní ó ti tán, á fà á dìde, ojú á sì máa ti òun fúnra rẹ̀ títí á fi ṣe ohun tó yẹ kó ti ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni ọ̀rọ̀ kékeré yìí kò jẹ́ kó tú. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti sọ ọ́ rí fún bàbá kan tó fi ọ̀kadà kọlù mí.

"Sọ ọ́, Ẹwà," ni Olúbísí wí láti ibi tó ti ń di ẹnu àpò kòkó. "Ògúndípẹ̀ ṣáà dàgbà jù ọ́ lọ. Kí ló wà níbẹ̀?"

"Màmá, kámẹ́rà ni wọ́n gbé dání. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá àgbà la wà."

"Ọmọ tí mo tọ́, ibi gbogbo ló ti ń bẹ àgbà." Ó kọjú sí Ignatius. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, tó bá ti sọ ọ́, ìgbà wo ni wọ́n máa ṣe ẹsẹ̀ náà?"

Ìṣojú Olúbísí ni wọ́n ṣe bí Ignatius. Ó ti pọ̀n ọ́n rí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ orúnkún yìí ti bẹ̀rẹ̀, "ẹ" àti "sà" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà kò sì ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

"Kò ní pẹ́, Màmá," ni Ignatius dáhùn. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Ọmọ yín lèmi náà."

Happiness gbójú kúrò lára kámẹ́rà. "Sà, kì í dùn-ún wò tó bá jókòó bẹ̀bẹ̀. Ṣé ó lè kúnlẹ̀?"

Gbogbo wọn wo báńdéèjì náà. Happiness fúnra rẹ̀ wolẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, òun ò ronú. Nígbà náà ni Olúbísí ju okùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá síwájú kámẹ́rà, ó di etí àga ọmọ rẹ̀ mú, ó sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ òkúta náà. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

"Màmá, ẹ dìde!"

"Fi mí sílẹ̀." Ó kọjú sí kámẹ́rà bí ẹni pé Ògúndípẹ̀ jókòó sínú rẹ̀. "Ẹ má bínú sí wa, sà. Ẹ fojú àánú wò wá. A jẹ̀bi. Ọmọdé ló ń ṣe é."

Ojú Ẹwà kò gbà á. Ó kán ọ̀rọ̀ náà lójú kí ìyá rẹ̀ lè tètè dìde. "Ẹ má bínú, sà. Mo jẹ̀bi."

"Sọ pé o ṣi ẹsẹ̀ gbé," ni Ignatius sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn Happiness.

"Mo ṣi ẹsẹ̀ gbé," ni Ẹwà wí.

"Ó ti tán!" Ignatius sáré wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa Olúbísí dìde bó ṣe yẹ kí ọmọ ilé ire ṣe, ó tún bá a gbọn eruku lára ìró. Kí wọ́n tó lọ, ó fi páálí ohun mímu agbátẹrù kan sílẹ̀ fún wọn.

Wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Àwa aládùúgbò kún yàrá ìgbàlejò Olúbísí. Wọ́n fi dùùrù jẹ́jẹ́ sí i lábẹ́, wọ́n sì kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ nítorí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí wọ́n padà sínú gbọ̀ngàn, Ògúndípẹ̀ ń nu ojú. Ó ní òun ti dárí ji ọmọbìnrin náà pátápátá, pé ìkúnlẹ̀ ìyá kì í ṣe nǹkan kékeré. Àwọn èrò dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Olúbísí náà pàtẹ́wọ́.

"Ẹ ò rí i?" ó bi wá. "Ó lójú àánú."

Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni Ẹwà ti ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, Ignatius kò gbé fóònù mọ́. Olúbísí pè é títí. Ó pè é láàárọ̀ kó tó lọ sóko, ó pè é tó bá dé. Ọjọ́ tí ó gbé e, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Màmá, mo ti ń sapá o. Lọ́yà ló dá ọ̀rọ̀ dúró. Ó ní ilé iṣẹ́ adójútòfò kì í sanwó ìtọ́jú fún oníjó tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ fa ìjàǹbá. Ó wà nínú àdéhùn. Ẹ̀yin náà sì ti sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ẹ jẹ̀bi."

"Àpọ́nlé ni mo fi ṣe!" Olúbísí kò rántí "sà" mọ́. "Ignatius, o mọ̀ pé àpọ́nlé ni!"

"Mo mọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni lọ́yà kà, Gẹ̀ẹ́sì ò ní àpọ́nlé nínú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ gbà pé ẹ ṣẹ̀."

Ẹwà gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. "Bùrọ̀dá, ta ló túmọ̀ ẹ̀?"

"Èmi ni," ó wí. "Èmi nìkan ni mo gbọ́ Yorùbá dáadáa nínú àwọn ọ̀gá tó wà níbẹ̀."

"Ẹ sọ fún wọn nígbà náà. Ẹ sọ ohun tó túmọ̀ sí gan-an."

"Ẹwà, èmi náà ní ọmọ nílé ìwé." Ó mí kanlẹ̀. Ó ti rẹ òun náà, ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn. "Nǹkan mìíràn tún wà. Àwọn èèyàn fẹ́ràn ibi tí Màmá ti kúnlẹ̀ yẹn. Wọ́n fẹ́ fi polówó ètò ti ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n bi yín bóyá ẹ gbà."

Ẹwà pa fóònù. Ó ní kí ìyá òun má pe ọkùnrin náà mọ́ láyé.

Olúbísí gbọ́. Ó kọ́kọ́ jókòó, ó ń wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lórí àpótí. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù jáde lọ sẹ́yìn ilé. Mo wà ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà, mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ.

"Ẹ má bínú, sà. Ọmọdé ló ń ṣe é, ẹ má wò ó. Mo gbà. Ẹ máa lò ó. Ṣé wọ́n á wá ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀?"

Mi ò gbọ́ ohun tí Ignatius fi dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìyá náà ń dúpẹ́.

Wọ́n ti ń fi ìpolówó náà hàn báyìí. Ògúndípẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ, òun sì ni wọ́n fi ṣe atọ́kùn ètò tuntun. Ẹwà ń rìn, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ijó mọ́. Mo wo ìpolówó náà lánàá ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Aládé. Olúbísí kúnlẹ̀ síbẹ̀, òkè Ìdànrè wà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ di etí àga mú. Wọ́n ti gé ẹni tó jókòó sórí àga náà kúrò.